Ìlera Nínú Ìdílé: Ẹ Gbé Ìpéǹpéjú Tó Wálẹ̀ Sókè, Kí Ẹ Wo Ọmọlójú Abẹ́ Rẹ̀

 

Ìyá kan ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wọn bẹ̀rẹ̀ lónìí. Wọ́n ti lé díẹ̀ ní ẹni àádọ́ta ọdún, aṣọ ni wọ́n ń tà, wọn kì í sì í sábà ṣàìsàn. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan ni orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ wọn. Kì í ṣe gbogbo orí, ẹ̀yìn ojú ọ̀tún gan-an ló ń dùn wọ́n. Wọ́n lo oògùn orífífọ́, wọ́n sì sùn. Nígbà tí wọ́n dìde láti kírun Àsùbá ní ọjọ́ kejì, ìpéǹpéjú ọ̀tún ti bo ojú pátápátá, wọn kò sì lè là á. Ẹnu ará ilé kò kò. Àwọn kan ní atẹ́gùn burúkú ló fẹ́ lù wọ́n, àwọn mìíràn ní ọwọ́ ayé ni. Ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wọn lọ sí ilé ìta-oògùn, ó sì ra oògùn ojú olómi wá. Igun ojú ni wọ́n ń kán an sí, nítorí pé Alhaja kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan ibi tó ń dùn wọ́n.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àtìní, ọmọ wọn obìnrin dé láti ilé ọkọ rẹ̀. Òun ló fi àtàǹpàkò gbé ìpéǹpéjú náà sókè kí ó lè kán oògùn náà dáadáa, òun ló sì rí ohun tí ẹnikẹ́ni kò tíì wò láti ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọlójú ọ̀tún fẹ̀ tó ìlọ́po méjì ti òsì, ẹyinjú náà fúnra rẹ̀ sì ti yà sí apá etí, ó rẹlẹ̀ díẹ̀. Ó gbé ìgò oògùn kalẹ̀, ó sì lọ wá ọkọ̀.

Ohun tí ọmọ yìí ṣe ni mo fẹ́ kí gbogbo ilé tó bá ka ìwé yìí mọ̀ ọ́n ṣe. Bí ìpéǹpéjú ẹnì kan bá wálẹ̀ lójijì, ìpéǹpéjú kọ́ ni kí ẹ máa wò, ọmọlójú tó bò mọ́lẹ̀ ni.

Kí ló pa ìpéǹpéjú àti ọmọlójú pọ̀? Iṣan ni. Mi ò sọ iṣan tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá o. Fọ́nrán tí ń gbé àṣẹ láti inú ọpọlọ lọ sí ara ni mo ń sọ. Iṣan méjì ló pín iṣẹ́ yìí láàrin ara wọn. Èkíní ni èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣègùn kà sí ìkẹta nínú iṣan méjìlá tó ń ti orí wá. Òun ló ń gbé ìpéǹpéjú sókè, òun ló ń yí ẹyinjú sí òkè, sí ìsàlẹ̀ àti sí apá imú, òun náà ló sì ń mú kí ọmọlójú súnkì. Ìkejì jẹ́ iṣan ìkọ̀kọ̀ tí a kì í fi ìfẹ́ inú wa darí, irú èyí tó ń mú ọkàn sáré tí ó sì ń mú wa làágùn nígbà tí ẹ̀rù bá bà wá. Ìyẹn ló ń mú kí ọmọlójú fẹ̀ nínú òkùnkùn, ó sì tún ń ran ìpéǹpéjú lọ́wọ́ díẹ̀ láti dúró sókè.

Ó yẹ kí n sọ pé ọmọlójú kì í ṣe ohun dúdú kan tó dì sínú ẹyinjú. Ihò ni, ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé. Bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀, ó ń súnkì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ó ń fẹ̀. Ar-Razi, oníṣègùn ilẹ̀ Páṣíà tó kú ní nǹkan bí ọdún 925, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kọ èyí sílẹ̀ nínú ìwé ìṣègùn. Tí iṣan èkíní bá bàjẹ́, ọmọlójú kò ní lè súnkì, yóò fẹ̀. Tí ìkejì bá bàjẹ́, kò ní lè fẹ̀, yóò kéré. Tí ìpéǹpéjú bá sì wálẹ̀ ṣùgbọ́n tí ọmọlójú méjèèjì dọ́gba, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ wọn bó ti yẹ, ó ṣeé ṣe kí àìsàn náà má wà nínú iṣan rárá.

Àmọ́ ìṣòro kan wà fún àwa aláwọ̀ dúdú. Òbìrìkìtì tó yí ọmọlójú wa ká dúdú tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi lè fi ojú lásán mọ ibi tí ọ̀kan parí sí àti ibi tí èkejì ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ wá tọ́ọ̀ṣì kékeré. Ẹ jẹ́ kí ẹni náà máa wo ọ̀nà jínjìn, kí ó má wo ojú yín, kí ẹ sì tan iná náà láti ẹ̀gbẹ́, kì í ṣe tààrà sí i lójú, títí ẹ ó fi rí etí ihò náà kedere. Ẹ wo méjèèjì nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, kí ẹ tún wò wọ́n nínú yàrá tó ṣókùnkùn díẹ̀. Bí ìyàtọ̀ wọn bá hàn jù nínú ìmọ́lẹ̀, èyí tó tóbi ló ń ṣàìsàn, nítorí kò lè súnkì. Bí ó bá hàn jù nínú òkùnkùn, èyí tó kéré ni, nítorí kò lè fẹ̀. Ohun tí dókítà ojú kọ́kọ́ ń ṣe náà nìyẹn, kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ kankan.

Ọmọlójú tó tóbi ni ká kọ́kọ́ yanjú, torí òun ló lè gba ẹ̀mí. Nínú ọpọlọ, iṣan ìkẹta kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá kan. Nígbà mìíràn, ara iṣan ẹ̀jẹ̀ náà á fẹ́lẹ́ ní ojú kan, á sì yọ kókó, gẹ́gẹ́ bí tíúbù kẹ̀kẹ́ ti í yọ gẹgẹ níbi tó ti gbó. Kókó yìí á wá máa ti iṣan ìkẹta. Bí tíúbù náà bá bẹ́, ẹ̀jẹ̀ á tú sí gbogbo àyíká ọpọlọ, àwọn kan nínú àwọn tí èyí ṣẹlẹ̀ sí ni kì í dé ilé ìwòsàn láàyè. Àárín ìgbà tí ìpéǹpéjú wálẹ̀ àti ìgbà tí kókó náà lè bẹ́ ni Ọlọ́hun fi sílẹ̀ fún wa láti ṣe nǹkan. Ó lè jẹ́ ọjọ́ mélòó kan, ó sì lè jẹ́ wákàtí.

Ẹ ó béèrè pé, ṣé gbogbo ìpéǹpéjú tí iṣan ìkẹta mú wálẹ̀ ló léwu tó báyìí? Rárá. Àwọn tó ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru náà máa ń ní i, nítorí pé àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ wẹ́wẹ́ tó ń bọ́ iṣan náà lè dí. Orí lè fọ́ wọn gidigidi pẹ̀lú, nítorí náà ìrora kò lè fi ọ̀kan hàn yàtọ̀ sí èkejì. Ọmọlójú ló sábà máa ń fi ìyàtọ̀ hàn, bó ṣe ń ṣe é sì dára púpọ̀ láti mọ̀. Ẹ wo okùn ńlá kan tí a fi òwú tín-ín-rín wé lára. Àwọn fọ́nrán tó ń ṣiṣẹ́ fún ọmọlójú ni òwú ara okùn, ìta ni wọ́n wà. Ohunkóhun tó bá ti iṣan náà láti ìta, àwọn ni yóò kọ́kọ́ fara gbá a. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ àìríjẹ ló mú iṣan náà, bíi ti onítọ̀ ṣúgà, inú okùn níbi tí ẹ̀jẹ̀ kò ti tó ni yóò kọ́kọ́ kú, òwú ìta á sì wà bó ti wà. Ìdí nìyí tí ìpéǹpéjú onítọ̀ ṣúgà fi lè wálẹ̀ pátápátá, tí ẹyinjú rẹ̀ á yà sí ẹ̀gbẹ́, síbẹ̀ tí ọmọlójú rẹ̀ kò ní yí padà. Irú èyí sábà máa ń padà bọ̀ sípò láàrin oṣù mẹ́ta tàbí díẹ̀ sí i, bí wọ́n bá tọ́jú ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru náà.

Mo sọ pé "sábà" nítorí ìlànà yìí máa ń yẹ̀ nígbà mìíràn. Àwọn kan wà tí ọmọlójú wọn kò fẹ̀ ní ọjọ́ kìíní, tó wá fẹ̀ ní ọjọ́ kẹrin. Nítorí bẹ́ẹ̀, láyé òde òní, àwọn dókítà kì í fẹ́ dúró wo ohun tí ọmọlójú yóò dà mọ́. Wọ́n máa ń ya àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀ ọpọlọ fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀. Ní tèmi, ohun tó tọ́ ni. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ìtọ̀ ṣúgà yín ti ṣàlàyé ohun gbogbo, kí wọ́n tó yẹ̀ yín wò.

Ọmọlójú tó kéré ńkọ́? Ìpéǹpéjú níbẹ̀ kì í wálẹ̀ púpọ̀. Mìlímítà kan sí méjì péré ni, tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ènìyàn á máa rò pé oorun ló ń kun ẹni náà. Johann Friedrich Horner, dókítà ojú ní ìlú Zürich ní ilẹ̀ Switzerland, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní ọdún 1869 lára obìnrin ẹni ogójì ọdún kan, orúkọ Horner ni wọ́n sì fi ń pè é títí di òní. Ìpéǹpéjú wálẹ̀ díẹ̀, ọmọlójú kéré, ẹ̀gbẹ́ ojú yẹn lè má làágùn mọ́.

Ọ̀nà tí iṣan ìkejì yìí ń gbà ló mú kí ó ṣòro láti mọ ibi tí ìdààmú ti wá. Ó dà bí ẹni tó fẹ́ lọ láti Mápó sí Ọjà Ọba ní Ìbàdàn, tó wá kọ́kọ́ gba Èkó lọ. Láti inú ọpọlọ, ó sọ̀kalẹ̀ gba ọ̀pá ẹ̀yìn dé àyà, ó kọjá lórí ṣóńṣó ẹ̀dọ̀fóró, ó wá tún padà gòkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá ọrùn kí ó tó dé ojú. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ níbikíbi lójú ọ̀nà yìí, ojú ni yóò ti hàn. Nítorí náà, ẹ má ṣe yà á sí bí dókítà ojú bá ní kí ẹ lọ ya àwòrán àyà. Jẹjẹrẹ tó wà ní ṣóńṣó ẹ̀dọ̀fóró, pàápàá lára amusìgá, lè kọ́kọ́ fi ara hàn báyìí, pẹ̀lú ìrora èjìká tó ń sọ̀kalẹ̀ sí apá. Bí ọrùn bá sì ń dun ẹni náà lójijì, bóyá lẹ́yìn ìjàǹbá ọkọ̀ tàbí lẹ́yìn tí ẹnì kan yí i lọ́rùn kó lè dún kà, ara iṣan ẹ̀jẹ̀ ọrùn lè ti ya nínú. Ìyẹn lè di rọpárọsẹ̀ láìpẹ́ ọjọ́, kò yẹ kí wọ́n sun ún di ọ̀la. Ní ti ọmọ tí ó bá ní i láti ìgbà ìbí, a máa ń béèrè bóyá wọ́n fà á lápá nígbà tí wọ́n ń gbẹ̀bí rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, a ní láti wá a bóyá kókó kan wà ní ọrùn tàbí ní àyà rẹ̀.

Kí ó lè dá wọn lójú, àwọn dókítà máa ń kán oògùn sí ojú méjèèjì. Kokéènì ni wọ́n ń lò tipẹ́: ọmọlójú tó dára á fẹ̀, ti Horner kò ní fẹ̀. Ní báyìí, wọ́n sábà ń lo oògùn tí a ń pè ní apraclonidine fún àgbàlagbà. Èyí máa ń yí ọ̀rọ̀ padà lọ́nà ìyanu: ọmọlójú tó ti kéré á wá fẹ̀ ju èkejì lọ, ìpéǹpéjú á sì gòkè lójú yín. Oògùn àyẹ̀wò ni o, kì í ṣe ìwòsàn.

Ọ̀nà kẹta ni ti ìpéǹpéjú tó wálẹ̀ ṣùgbọ́n tí ọmọlójú méjèèjì dọ́gba. Ní àárọ̀, kò sí ohun tó ṣe ẹni náà. Bí ọjọ́ ti ń lọ ni ìpéǹpéjú ń wúwo, bóyá apá ọ̀tún lónìí, bóyá apá òsì lọ́la. Àwa tí a ní ìrun márùn-ún ní aago tó dára fún èyí. Ẹ wo ẹni náà lẹ́yìn Àsùbá, ẹ tún un wò lẹ́yìn Àlàásárì, ẹ sì wò ó lẹ́yìn Ìṣáì, kí ẹ kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bí ojú bá ń là kedere ní Àsùbá tó sì ń padé ní Ìṣáì, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ àìsàn tí a ń pè ní myasthenia gravis. Iṣan ń jíṣẹ́ dáadáa níbẹ̀. Ibi tí ẹran ara ti ń gba iṣẹ́ náà ni àwọn ajà-fún-ara tó yẹ kó máa bá àrùn jà ti ṣìnà, tí wọ́n ń bà jẹ́.

Àyẹ̀wò rẹ̀ kò nira láti bẹ̀rẹ̀. Dókítà á ní kí ẹni náà tẹjú mọ́ òkè fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ìpéǹpéjú á sì máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn náà, á fi omi dídì tí a wé sínú ọ̀rá lé ojú tó pa dé náà fún ìṣẹ́jú méjì. Bí ìpéǹpéjú bá gòkè ní mìlímítà méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àmì tó lágbára ni. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà wà, ṣùgbọ́n bí àìsàn náà bá mọ sí ojú nìkan, nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní i ni ẹ̀jẹ̀ wọn kì í fi í hàn. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ṣoṣo túra ká.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ níbí, nítorí ìtàn yìí kàn wá. Èso olóró kan wà ní agbègbè Calabar tí àwọn Ẹ̀fíìkì ń pè ní esere. Ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn àjẹ́ kàn ni wọ́n ń fún jẹ, bí àwọn kan nílẹ̀ wa ti ń fi epo igi ọbọ̀ ṣe é láyé àtijọ́. Èso yìí dé Edinburgh. Ní ọdún 1862, Thomas Fraser kọ ọ́ sínú iṣẹ́ ìwádìí rẹ̀ pé ó ń mú ọmọlójú súnkì. Nígbà tó di ọdún 1863, dókítà ojú Douglas Argyll Robertson ti fi í sí ojú ara rẹ̀ láti dán an wò. Lẹ́yìn àádọ́rin ọdún ó lé kan, ní 1934, obìnrin dókítà kan tó ń jẹ́ Mary Walker, tó ń ṣiṣẹ́ ní Greenwich ní ìlú London, fún aláìsàn myasthenia kan ní abẹ́rẹ́ oògùn tí wọ́n yọ láti inú èso Calabar yìí, ìpéǹpéjú tó ti wálẹ̀ sì gbéra sókè. Pyridostigmine tí àwọn aláìsàn ń gbé mì lónìí, ẹbí oògùn yẹn ni. Ohun tí wọ́n fi ń pa ènìyàn lẹ́bàá odò Calabar ló wá di ohun tó ń la ojú.

Ṣùgbọ́n ìṣọ́ra wà nídìí àìsàn yìí. Ó lè kúrò lójú kí ó dé ọ̀fun àti àyà. Bí ohùn ẹni náà bá ń gba imú, bí omi bá ń sá a lọ́fun, tàbí bí kò bá lè mí dáadáa nígbà tó bá dùbúlẹ̀, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lálẹ́ ọjọ́ náà. Oògùn tí a kàn ń rà lójú pópó náà lè mú un le sí i: kulorokúìnì, kúníìnì, ciprofloxacin àti abẹ́rẹ́ gentamicin wà lára wọn. Kí ẹni tó ní myasthenia sọ bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú ibà fún un. Kí ó sì bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kí oṣù Ramadan tó wọlé, nítorí oògùn tí à ń lò láàárín wákàtí mélòó kan kò ṣeé ṣàdédé gbé tì.

Kí n tó padà sọ́dọ̀ Alhaja, n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìbẹ̀rù sùn lálẹ́ òní nítorí pé ó wo dígí. Nǹkan bí ẹnì kan nínú márùn-ún ni ọmọlójú rẹ̀ kò dọ́gba rẹ́gí, tí kò sì ṣàìsàn kankan. Ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ kéré, kì í sì í yí padà láàrin ìmọ́lẹ̀ àti òkùnkùn. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin kan náà wà tí ọmọlójú wọn kan fẹ̀ tí ó sì lọ́ra láti súnkì, tí ìpéǹpéjú wọn kò sì wálẹ̀. Adie ni wọ́n ń pe ìyẹn, kì í pani. Oògùn ojú kan tàbí oje ewé apíkán tó bá ta sí ojú lè mú ọmọlójú fẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò lè padé, tí ẹnu rẹ̀ sì wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, iṣan mìíràn ló ń dà á láàmú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti òní.

Bí ẹ bá ń lọ sọ́dọ̀ dókítà, ẹ nu tìróò kúrò lójú, ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ti lò dání títí kan àgbo, kí ẹ sì mú àwòrán àtijọ́ lọ. Mi ò ṣeré o. Àwòrán ìgbéyàwó, ti ọdún Iléyá ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tàbí ti ìwé ìrìnnà Hájì, lè fi hàn lójú kan náà pé ìpéǹpéjú yín ti rí bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Ó ti gba àwọn kan lọ́wọ́ ìnáwó àyẹ̀wò tí wọn kò nílò. Ṣùgbọ́n tí ìpéǹpéjú bá wálẹ̀ lójijì, tí orí ń fọ́, tí ọmọlójú sì fẹ̀, ẹ má wá àwòrán kankan. Ọkọ̀ ni kí ẹ wá.

Ilé ìwòsàn kìíní tí wọ́n gbé Alhaja lọ ní ọjọ́ Àtìní yẹn kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń ya àwòrán iṣan ẹ̀jẹ̀. Dókítà ọ̀dọ́ kan níbẹ̀ kò dá wọn dúró. Ó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré sórí ìwé, ó sì fi wọ́n ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá. Kókó náà wà níbẹ̀, kò tíì bẹ́. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n sì fi irin kékeré kan há ẹnu rẹ̀ pa. Ìpéǹpéjú bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹfà, nígbà tí yóò fi di oṣù karùn-ún, wọ́n ti padà sí ìsọ̀ aṣọ wọn. Ọmọlójú ọ̀tún ṣì tóbi ju ti òsì lọ díẹ̀ títí di òní, oòrùn sì máa ń ta wọ́n lójú. Wọ́n ra awò dúdú, wọ́n sì ní àwọn oníbàárà àwọn ń pe àwọn ní Ìyá Oge.